Píìnì Bọ́kẹ́ẹ̀tì Katapílà: Irin Kékeré Tó Ń Jìyà fún Irin Ńlá

(Ọ̀rọ̀ ìtàn alẹ́ Sunday. Admin ló sọ ọ́ nínú voice note méje. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí data wọn kò gbé e, àti fún àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa.)

Voice note kìíní

    

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ obì àti ọkọ̀ ojú irin ni a sọ. Tòní, irin ni. Arákùnrin wa kan tó ń ta spare parts ẹ̀rọ ńlá ló kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní wọ́n gbé píìnì bọ́kẹ́ẹ̀tì katapílà oríṣi méjì wá fún òun, katapílà tó ń gbẹ́lẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní excavator. Oríṣi kìíní wà nínú páálí, ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà ló ṣe é. Oríṣi kejì, ẹnì kan ló gé e lára irin rọ́ọ̀dù, ó gbé e sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irin, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ó ní tí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó wá bi mí pé, "Admin, ṣé orúkọ ilé iṣẹ́ ni a ń rà ni, àbí nǹkan wà nínú irin yẹn lóòótọ́?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo lè fi ọ̀rọ̀ kan dá a lóhùn, ṣùgbọ́n tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, oníbàárà tó bá dúnàádúrà pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún yóò gba ìdáhùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí irin náà ṣe dé ibi tó dé, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká pìtàn. Ìtàn yìí kan àwa náà, torí pé ó gba Jos kọjá, ó sì gba ọ̀nà tí àwọn bàbá wa gbà débí kọjá.

Voice note kejì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tó ń ta aṣọ, tó ń ta oògùn, tó ń ta ata, tí ẹ kò bá katapílà ṣe pọ̀ rí.

Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín síwájú. Láti èjìká dé ìgúnpá, ìyẹn ni búùmù katapílà. Láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ìyẹn ni apá, tí àwọn mekáníìkì ń pè ní arm. Àtẹ́lẹwọ́ yín tí ẹ ká bí ẹni fẹ́ bu gààrí, òun ni bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, irin róbótó kan ló gba inú ihò kọjá, òun ló so irin méjèèjì pọ̀ tí wọ́n fi lè máa ká, tí wọ́n fi lè máa nà. Òun ni píìnì. Ohun tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú híǹjì ń ṣe fún ilẹ̀kùn, òun náà ni píìnì ń ṣe fún katapílà, àfi pé ilẹ̀kùn tirẹ̀ ń gbé ẹrù tọ́ọ̀nù.

Píìnì ńlá méjì ló di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú. Ọ̀kan so ó mọ́ apá, èkejì so ó mọ́ irin tí jáàkì fi ń ká a tó fi ń nà án. Eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní píìnì kéékèèké tiwọn tí kò ní jẹ́ kí wọ́n já bọ́, ṣùgbọ́n ti àwọn ńlá ni a ń sọ lónìí.

Ẹ fọkàn sí èyí dáadáa. Píìnì kì í fara kan apá katapílà tààrà. Búṣì wà láàárín wọn. Búṣì yìí dà bí òrùka nípọn tí wọ́n fi agbára tì wọ inú ihò apá. Láàárín píìnì àti búṣì, gírísì ló wà níbẹ̀. Lẹ́nu ihò náà lọ́tùn-ún lósì, síìlì ló wà níbẹ̀, kí iyanrìn má bàa wọlé, kí gírísì má sì sá jáde.

Torí náà, ìpele mẹ́ta ni. Gírísì ló kọ́kọ́ ń jìyà. Tí gírísì bá tán, píìnì àti búṣì ló kàn. Tí àwọn yẹn bá jẹ tán, ihò apá àti etí bọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra wọn ló kù. Owó gírísì kò pọ̀. Owó píìnì àti búṣì, èèyàn lè kó o jọ. Ṣùgbọ́n owó apá katapílà, òun ló ń lé èèyàn kúrò nídìí òwò. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí píìnì ti kéré tó lára ẹ̀rọ náà, òun kọ́ ni ibi tí a ti ń ṣẹ́ owó kù.

Voice note kẹta

Ó yá, ìtàn. Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1830, wọ́n ń la ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú irin. Ṣọ́bìrì àti ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń gbẹ́ òkè. Ọ̀dọ́kùnrin kan, William Otis, ló ronú pé agbára ooru omi gbígbóná tó ń wa ọkọ̀ ojú irin lè gbé ṣọ́bìrì náà. Ó kọ́ ẹ̀rọ kan, ìjọba sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1839. Ọdún yẹn kan náà ló kú, kò tíì pé ọmọ 30 ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ kò kú. Irú rẹ̀ ló gbilẹ̀ tó di ẹ̀rọ tí àwọn Amẹ́ríkà fi gbẹ́ odò Panama láàárín 1904 sí 1914. Kódà, nígbà tí Theodore Roosevelt, olórí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ wo iṣẹ́ náà ní November 1906, ó gun orí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ Bucyrus tó wà níbẹ̀, ó jókòó sí i, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí píìnì. Ibikíbi tí irin bá ti ń yí lórí irin, píìnì wà níbẹ̀. Ìṣòro tó sì bá wọn láti ọjọ́ kìíní ni pé irin tó bá ń ha irin yóò jẹ. Ẹ pọ́n ọn bí abẹ, ẹ fi epo pa á, ẹ gbàdúrà sí i, yóò jẹ. Tí iyanrìn bá tún wọ àárín wọn, yóò yára jẹ bí ìgbà tí èèyàn ń fi òkúta lọ ata.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà bá ìyẹn jà.

Ọ̀nà kìíní, irin tó le sí i. Ní 1882, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert Hadfield po manganese tó pọ̀ mọ́ irin. Irin tó jáde ṣe ohun tí irin mìíràn kì í ṣe: bí wọ́n ṣe ń lù ú ni ojú rẹ̀ ń le sí i. Irú irin yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣe eyín àwọn ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ àti oríta ojú irin.

Ọ̀nà kejì, gírísì tó dára àti ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gba èèyàn kan sídìí ẹ̀rọ ńlá tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbé agolo epo kiri, kó máa da epo sí oríkèé gbogbo. Ní 1929, Oscar Zerk gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí orí kékeré tí a ń fi gọ́ọ̀nù gírísì bù mu, tí àwọn mekáníìkì wa ń pè ní nípùlù títí dòní. Ní 1942, Clarence Earle gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí gírísì tí wọ́n fi lithium ṣe. Kì í yára yọ́ nínú ooru, omi kì í sì tètè fọ̀ ọ́ dànù. Púpọ̀ nínú gírísì tó wà lọ́jà lónìí, ọmọ ìyẹn ni.

Ọ̀nà kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún ìbéèrè arákùnrin wa. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ọgbọ́n tí irin méjì yóò fi máa ha ara wọn kí ọ̀kan má jẹ, wọ́n yan èyí tí yóò jẹ. Wọ́n ṣe é ní ohun tí a lè fà yọ, kí a fi tuntun sí i. Ẹni tó ṣe katapílà mọ̀ pé píìnì àti búṣì yóò jẹ. Ó fẹ́ kí wọ́n jẹ, kí apá má bàa jẹ.

Voice note kẹrin

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe dé Jos? Tíìnì ló gbé e wá, tí àwọn ará ibí ń pè ní kuza.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn èèyàn apá Ririwai ti ń yọ́ tíìnì, wọ́n ń ṣe é ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pòròpórò koríko, wọ́n sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò. Lẹ́yìn 1900 ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tọ ipa tíìnì yẹn dé orí òkè Plateau. Ní 1912, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti ń dé Kano. Ní 1914, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ti ń gbéra láti Zaria wá sí Bukuru nítorí tíìnì yìí nìkan. Nígbà tó fi máa di 1927, ọkọ̀ ojú irin ńlá láti apá Port Harcourt ti wọ Jos.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìyókù. Ojú irin ni wọ́n bá wá, ibi tí iṣẹ́ bá wà ni owó ń wà, ibi tí owó bá wà ni ọjà ń wà. Wọn kò wá wa kùsà. Wọ́n wá tajà fún ẹni tó ń wa kùsà. Iṣẹ́ tí èmi pẹ̀lú ń ṣe títí dòní náà nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ṣọ́bìrì, dígà, igbá, páànù lórí. Nígbà ogun Hitler, lẹ́yìn tí àwọn ará Japan gba Malaya ní 1942, tíìnì tó ń ti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ dúró. Ìjọba amúnisìn wá fi tipátipá kó àwọn èèyàn láti ìgbèríko Àríwá wá wa kùsà níbí. Láàárín 1942 sí 1944, àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé iye wọn lé ní 100,000. Ọ̀pọ̀ kú nítorí àìsàn àti ebi. Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé àwọn yẹn nígbà tí a bá ń sọ pé Jos dùn, Jos tutù.

Ẹ̀rọ tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ èèyàn ní orí òkè yìí ni dragline. John Page ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Chicago ní 1904. Ó ní búùmù gígùn bíi ti kéréènì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rọ̀ sórí okùn irin. Wọ́n á jù ú síwájú, wọ́n á fi okùn mìíràn wọ́ ọ padà, yóò sì máa bu ilẹ̀ bọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi ATMN fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ká ilẹ̀ orí kuro kí wọ́n lè dé ibi tí tíìnì wà. Iná mànàmáná náà wà fún àwọn ìwakùsà. Ilé iṣẹ́ NESCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, ló ń fi omi Kurra ṣe é.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì dragline náà ní píìnì: níbi tí ṣéènì ti so mọ́ ọn, níbi tí okùn ti so mọ́ ṣéènì. Ṣùgbọ́n okùn irin ló ń gba ìyà tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá kọ lu òkúta, okùn á rọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tán. Tí okùn bá gbó, wọ́n á pààrọ̀ okùn.

Ní October 1985, àjọ àgbáyé tó ń gbé owó tíìnì dúró kò rówó ra tíìnì mọ́. Ọjà tíìnì ní London tì pa, iye owó sì já wálẹ̀. Ìwakùsà ńlá ti Plateau tó ti ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gba ibẹ̀ ṣubú. Ohun tó kù ni àwọn adágún tí ẹ̀ ń rí ní Bukuru, Rayfield àti Barkin Ladi, àti ihò tí ẹnikẹ́ni kò dí. Dragline ló gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Voice note karùn-ún

Bí dragline ṣe ń kógbá sílé ní Jos, ẹ̀rọ mìíràn ti gba ayé lóde. Katapílà tí a mọ̀ lónìí kì í lo okùn. Ọ́ìlì ló ń lò. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ á fi agbára ti ọ́ìlì wọ inú jáàkì, jáàkì á gùn, á tì irin, irin á ká tàbí á nà. Òun ni wọ́n ń pè ní hydraulic. Ní France, ilé iṣẹ́ Poclain ti ṣe irú rẹ̀ kan ní 1951. Ní Jámánì, Demag gbé B504 jáde ní 1954, èyí tó ń fi ọ́ìlì ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, tó sì lè yí po. Ní Japan, Hitachi gbé UH03 tirẹ̀ jáde ní 1965. Ní 1972, Caterpillar gbé 225 jáde. Ẹ rí i pé Caterpillar kò tètè dé sídìí èyí, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni gbogbo wa fi ń pe ẹ̀rọ gbogbo, ìbáà jẹ́ ará Japan tàbí ará Korea ló ṣe é.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí píìnì níbi yìí. Okùn irin máa ń rọ̀. Jáàkì kì í rọ̀. Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì katapílà bá kọ lu òkúta báyìí, gbogbo agbára jáàkì àti gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ náà yóò kóra jọ sórí píìnì. Tí operator bá fi ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì gbá ilẹ̀ bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀, píìnì ló ń gba ìlọ́rùn náà. Ìyà tí okùn ń jẹ tẹ́lẹ̀, oríkèé ló wá ń jẹ ẹ́. Ìyà náà kò lọ, ó kàn ṣí ilé ni.

Ìdí nìyẹn tí píìnì ayé òde òní kì í fi í ṣe irin lásán. Ó ní láti le lójú, kó má bàa jẹ kíá. Ṣùgbọ́n irin tó bá le dé inú máa ń kán bí àwo. Torí náà, ó ní láti rọ̀ díẹ̀ nínú, kí ó lè gba ìlù láìkán. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi iná mànàmáná mú ojú irin gbóná kíákíá, tí wọ́n á sì mú un tutù lójijì, kí awọ ara rẹ̀ le kí inú rẹ̀ má yí padà. Wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún irin inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Wọ́n ń lò ó fún píìnì náà báyìí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á lọ ojú rẹ̀ kunná kí ó bá ihò búṣì mu gẹ́gẹ́.

Arákùnrin mi, ohun tó wà nínú irin yẹn nìyí. Èyí tí wọ́n gé lára rọ́ọ̀dù ní ìwọ̀n kan náà, ó ní ọ̀dà kan náà, ó ń wọ ihò kan náà. Awọ líle yẹn ni kò ní.

Voice note kẹfà

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá fi píìnì tó rọ̀ sí i? Ní ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Òun gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Katapílà á ṣiṣẹ́, olówó á rẹ́rìn-ín pé òun gbọ́n. Tó bá yá, bọ́kẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ ó máa gbọ́ kò-kò-kò nígbàkúùgbà tí operator bá ká a. Píìnì náà á tẹ̀, orí rẹ̀ á fẹ̀ bí orí igi tí wọ́n fi òòlù lù, kò ní ṣeé fà yọ mọ́. Búṣì á gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí wọ́n bá tún ń lò ó bẹ́ẹ̀, ihò tó yí po á di gbọọrọ bí ẹyin.

Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kan ra píìnì gígé níbòmíràn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí mì, wẹ́dà kan gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n jó píìnì náà mọ́ etí bọ́kẹ́ẹ̀tì kó má bàa mì mọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ihò apá katapílà fúnra rẹ̀ jẹ. Wọ́n ní láti fi iná gé píìnì kúrò, wọ́n fi wẹ́dìn kún ihò, wọ́n sì lọ háyà àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ wá sídìí katapílà láti tún ihò náà gbẹ́ kó lè yí po, kó sì tọ́ ní ìlà kan. Ẹ̀rọ náà jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó. Owó háyà ń lọ. Ẹ fi gbogbo ìyẹn wé owó tó rò pé òun fi pamọ́.

Ẹ̀yin tó ní katapílà tàbí tó ń háyà rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyí. Ẹ fún oríkèé bọ́kẹ́ẹ̀tì ní gírísì lójoojúmọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àfi tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ nǹkan mìíràn. Tó bá jẹ́ inú omi tàbí ẹrẹ̀ ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ nu ẹnu nípùlù kí ẹ tó ki gọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyanrìn ni ẹ̀ ń fún un mu. Ẹ máa fún un títí gírísì tuntun yóò fi yọ lẹ́nu síìlì. Tí gírísì kò bá wọlé rárá, ẹ má pa á tì o. Ẹ yọ nípùlù wò, ó lè ti dí.

Tí àkókò bá tó láti pààrọ̀ píìnì, ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kó jókòó dáadáa, kó má lè yí. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ mi lífà kí agbára ọ́ìlì tó kù nínú jáàkì lè jáde. Ẹ tú bóòtù tó di píìnì mú. Ẹ má fi òòlù irin lu píìnì líle tààrà. Irin líle máa ń ta, èérún rẹ̀ a sì fọ́ ojú èèyàn. Ẹ fi irin tó rọ̀, bíi idẹ, sí àárín, kí kálukú tó wà nítòsí sì wọ gíláàsì ojú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi tuntun sí i, tí ẹ̀ ń wò ó bóyá ihò ti bá ihò mu, ẹ má fi ìka wò ó. Mo tún un sọ, ẹ má fi ìka wò ó. Kí apá yẹn rìn díẹ̀ báyìí, ìka ti lọ. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fọwọ́ júwe fún operator.

Ẹ má fi píìnì tuntun sínú búṣì tó ti jẹ. Ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ síìlì pẹ̀lú. Búṣì tuntun, àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fi í sínú fìríìsà mọ́jú kó lè sún kì díẹ̀, kó lè wọlé láìjẹ́ pé wọ́n fi òòlù pa á lára. Tí àyè bá ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣíìmù ni wọ́n ń fi dí i. Wọn kì í jó o pa.

Voice note keje

Ó ku àwa ọlọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta píìnì, ẹ ra vernier caliper, kí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Kí oníbàárà tó sanwó, ẹ bi í ní orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹ wọn píìnì àtijọ́ níbi tí kò tíì jẹ, ní nínípọn àti ní gígùn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ní awọ líle, ẹ fi ẹnu fáìlì tó mú gba ibi kan tó fara sin lára rẹ̀. Tó bá ní awọ, fáìlì á máa yọ̀ lójú rẹ̀, kò ní jẹ ẹ́ dáadáa. Tí kò bá ní, fáìlì á jẹ ẹ́ bí ìgbà tó ń jẹ irin wíńdò. Kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe èyí níwájú ẹni tó kó ọjà wá fún yín, kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá dára kò ní bínú.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nílé wa kò dára o. A ní àwọn tó ń fá irin ní Jos níbí tí ọwọ́ wọn mọ́. Tí wọ́n bá ra irin tó yẹ, tí wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń mú awọ irin le, píìnì wọn á ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé èyí tí kò ní awọ, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kó lè jọ èyí tó ní, irọ́ ni. Tí ẹnì kan bá nílò irin gígé fún ọjọ́ méjì kí tòótọ́ tó dé láti Èkó, ẹ tà á fún un, kí ẹ sọ fún un lẹ́nu pé ti ọjọ́ méjì ni, kí ẹ sì kọ ọ́ sí rìsíìtì. Kí owó rẹ̀ jẹ́ owó irin gígé.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé àlejò ni a jẹ́ níbi tí a wà. Tí ọmọ onílẹ̀ bá ta ọjà burúkú, wọ́n á ní lágbájá ló burú. Tí ọ̀kan nínú wa bá tà á, wọ́n á ní àwọn Yorùbá ni. Àwọn bàbá wa tó bá ojú irin wá síbí kò ní ilẹ̀, wọn kò ní kùsà. Ohun tí wọ́n ní ni pé ẹni tó ra nǹkan lọ́wọ́ wọn lánàá á tún padà wá lọ́la. Ìyẹn ni wọ́n fi jẹun, ìyẹn ni wọ́n fi rán wa níléèwé.

Arákùnrin wa, gba èyí inú páálí. Má kó púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kó ti àwọn ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù ní àdúgbò rẹ, kí o ní búṣì àti síìlì wọn nílẹ̀ pẹ̀lú, kí o sì máa ta gọ́ọ̀nù gírísì. Ẹni tó bá fi gírísì tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ra píìnì lemọ́lemọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n á pẹ́ lórí òwò, á sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní àfikún, pàápàá ẹ̀yin bàbá wa tó ṣiṣẹ́ nídìí dragline rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi voice note sílẹ̀, a ó kọ ọ́ mọ́ eléyìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń ti Zaria wá sí Bukuru ni a máa sọ, nítorí pé àwọn kan ń bèèrè rẹ̀. Ẹ má forward ohun tí kò kan ọjà sórí group yìí kílẹ̀ tó mọ́ o. Ó dàárọ̀, ká jí ire.